Ìwé Kan, Ẹ̀dà Mẹ́rin: Ọwọ́ Ta Ló Yẹ Kí Ará Abẹ́òkúta Ti Ra Ìwé Àlòkù Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì?

Ẹ wá ìwé Amos Tutuola, The Palm-Wine Drinkard, lórí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ òní. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí ẹ̀dà mẹ́rin tí owó wọn kò jọra rárá. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta òkìrìkà ìwé lórí Instagram, owó rẹ̀ kò ju ti oúnjẹ ọ̀sán méjì lọ. Èkejì wà lórí Facebook, ẹni tó gbé e síta kàn kọ "old book, 1952" sábẹ́ fọ́tò kan tó ṣókùnkùn. Ẹ̀kẹta wà lórí AbeBooks, ọjà ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀kẹrin wà lọ́dọ̀ oníṣòwò ìwé àtijọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, owó rẹ̀ sì lè ra ọ̀kadà. Ìtàn kan náà ló wà nínú gbogbo wọn. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ọdún tí wọ́n tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó tẹ̀ ẹ́, aṣọ tó wà lára rẹ̀ (bébà tí wọ́n ń wé mọ́ ẹ̀yìn páálí), àti ohun tí ikán, òjò àti ọwọ́ ọmọ ilé ìwé ti fi ojú rẹ̀ rí.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òǹràwé ti ń ṣìṣe. Wọ́n á wá orúkọ ìwé, wọ́n á fi owó wéra, wọ́n á mú èyí tó pọ́ọ́kú jù. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í ra orúkọ ìwé. Ẹ̀dà kan pàtó là ń rà. Fún ẹni tó kàn fẹ́ kà á, ẹ̀dà tí ojú ewé rẹ̀ bá pé ti tó, ì báà jẹ́ èṣí ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Fún ẹni tó fẹ́ fi pamọ́ bí ohun iyebíye, ìyẹn akójọ, ọdún, òǹtẹ̀wé àti aṣọ ìwé ni owó rẹ̀ ń bá lọ. Kí ẹ tó ṣí fóònù, ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ẹ jẹ́ nínú méjèèjì, torí òǹtàwé tó dára fún ọ̀kan lè jẹ́ àdánù fún èkejì.

| Òǹtàwé | Ohun tó mọ̀ nípa ẹ̀dà ọwọ́ rẹ̀ | Bó ṣe ń dé Abẹ́òkúta | Bí ọjà bá yàtọ̀ sí ohun tó sọ | Ẹni tó bá mu |
|---|---|---|---|---|
| Olókìrìkà ìwé lórí Instagram àti WhatsApp | Orúkọ ìwé, bóyá ó mọ́ tàbí kò mọ́ | Wébíìlì tàbí kọ́ríà láti Èkó tàbí Ìbàdàn, láàárín ọjọ́ mélòó kan | Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan lẹ ní | Òǹkàwé |
| Ẹni tó ń ta ìwé ilé bàbá rẹ̀ | Kò mọ nǹkan kan | Ẹ lè lọ wò ó fúnra yín | Owó ti lọ nìyẹn | Ẹni tó mọ ìwé Yorùbá àtijọ́ |
| AbeBooks, Biblio, eBay | Ó sinmi lórí òǹtàwé kọ̀ọ̀kan | Ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì lè ju oṣù kan lọ | Ìlànà ìdápadà wà, ṣùgbọ́n ó ní àlàfo | Òǹkàwé àti akójọ |
| Oníṣòwò ìwé àtijọ́ | Gbogbo rẹ̀, títí dórí àbàwọ́n | Kọ́ríà tó ní nọ́ńbà ìtọpa | Ó máa ń dá owó padà | Akójọ |

Olókìrìkà ìwé

Ìwé wọn máa ń wọlé nínú páálí àti béèlì láti Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà: èyí tí ilé ìkàwé ibẹ̀ ti yọ kúrò lórí pẹpẹ, àti èyí tí ṣọ́ọ̀bù aláàánú kò rí tà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn lábẹ́ fọ́tò ló ni ín. Ìwé ìtàn, ìwé ọmọdé, ìwé ìṣòwò àti ìwé ìtàn ìgbésí ayé ló pọ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló sì yẹ kí ẹ ti rà wọ́n. Kò sí ìdí láti san owó ọkọ̀ òfuurufú lé ìwé tó ti wà ní Yábàá lórí.

Kí owó tó kúrò ní àkáǹtì yín, ẹ béèrè fọ́tò mẹ́ta: iwájú ìwé, eegun ẹ̀yìn rẹ̀, àti ẹ̀yìn ojú ewé àkọlé, níbi tí ọdún àti orúkọ òǹtẹ̀wé máa ń wà. Bí ìwé bá nípọn, ẹ ní kó ṣí i sí àárín kó ya ẹ̀kẹrin, torí àárín ni gọ́ọ̀mù ti máa ń kọ́kọ́ já. Òǹtẹ̀ ilé ìkàwé òkè òkun tí wọ́n kọ "Withdrawn" tàbí "Discarded" sí kì í ṣe àmì olè. Àmì pé wọ́n ti yọ ọ́ jáde ni. Fún òǹkàwé, irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ lágbára ju òmíràn lọ nítorí ilé ìkàwé a máa fi kún ìdè rẹ̀. Lójú akójọ, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má lówó lórí mọ́.

Ìwé ẹ̀kọ́ ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ó lè mọ́ tónítóní kó sì ti kú. Òfin Companies and Allied Matters Act ti 1990 ti kógbá wọlé, ti 2020 ló rọ́pò rẹ̀. Ìwé òfin ilé iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ ní 2015 kò lè gba akẹ́kọ̀ọ́ là nínú ìdánwò. Ìwé ìṣègùn àti ti ìṣirò owó orí náà kò yàtọ̀. Ọdún lẹ máa kọ́kọ́ béèrè níbẹ̀, kí ẹ tó béèrè pé èló ni jálẹ̀.

Bí òǹtàwé òkìrìkà bá ní ìwé ìtàn Nàìjíríà tó lókìkí, tó jẹ́ tuntun kíní-kíní, tí owó rẹ̀ sì jẹ́ ìdajì ti ṣọ́ọ̀bù, ayédèrú ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ṣú bí ẹni pé fọ́tò ni wọ́n tún fi ya fọ́tò, lẹ́tà rẹ̀ máa ń nípọn níbi kan kó sì ṣá níbòmíràn, ààlà etí ojú ewé máa ń fẹ̀ lápá kan ju èkejì lọ. Ẹ ka nọ́ńbà ojú ewé láti 1 dé òpin, torí ibẹ̀ ni àṣírí ti máa ń tú: ojú ewé 16 tàbí 32 á fò lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí kí wọ́n dì wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí rẹ̀ ni pé ìdìpọ̀-ìdìpọ̀ ni wọ́n ń dì ìwé, ẹni tó sì ń kánjú dì í lóru kì í kà wọ́n.

Òǹtàwé ayédèrú náà wà, ẹni tó jẹ́ pé fọ́tò ẹlòmíràn ló ń tà. Ẹ ní kó kọ orúkọ yín àti ọjọ́ òní sórí bébà, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, kó ya wọ́n pọ̀. Ẹni tí ìwé bá wà níwájú rẹ̀ kò ní lò ju ìṣẹ́jú 2 lọ. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ní ti gbígbé e wá sí Abẹ́òkúta, wébíìlì láti gáréèjì Èkó sí Kútọ̀ sábà máa ń dé lọ́jọ́ kan náà, owó rẹ̀ sì kéré sí ti kọ́ríà. Ṣùgbọ́n kò ní nọ́ńbà ìtọpa. Nọ́ńbà fóònù awakọ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀ nìkan lẹ ní. Ẹ gba méjèèjì kí ọkọ̀ tó gbéra, kí ẹ sì bi òǹtàwé bóyá ó ti san owó awakọ̀ tàbí ẹ̀yin lẹ máa san án ní gáréèjì, torí ibẹ̀ ni ariwo ti máa ń bẹ́. Ẹ ní kó fi ọ̀rá wé ìwé kó tó dì í sínú páálí: bútù ọkọ̀ kì í gbẹ lákòókò òjò, ẹja àti epo pupa sì máa ń bá ìwé wọkọ̀. Ìwé olówó gọbọi kò yẹ ní wébíìlì. Kọ́ríà tó máa gbé e dé ẹnu ọ̀nà yín, tó sì ní nọ́ńbà ìtọpa, ló yẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ òǹtàwé tún gbà kí oníbàárà kó ìwé jọ sọ́dọ̀ wọn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́, "stockpile" ni wọ́n ń pè é. Ó ń dín owó ọkọ̀ kù gan-an, bí ẹ bá ń kọ orúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan tí ẹ ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹni tó ń ta ìwé ilé bàbá rẹ̀

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Bàbá ti lọ, àwọn ọmọ fẹ́ fi yàrá sílẹ̀ fún ayálégbé, wọ́n ya fọ́tò pẹpẹ ìwé kan ṣoṣo, wọ́n gbé e sórí Facebook tàbí Jiji. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ìwé Yorùbá àtijọ́, tí ẹ kò ní rí lọ́dọ̀ òǹtàwé Lọ́ńdọ̀nù, lè wà láàárín Bíbélì méjì àti ìwé ìròyìn tó ti pọ́n. Ìlú tí àwọn ilé ìwé bí Abeokuta Grammar School ti wà láti 1908, tí Baptist Boys' High School sì ti wà láti 1923, kò lè ṣàìní irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Ìjẹjà, Aké àti Ìbarà.

Nítorí pé òǹtàwé kò mọ nǹkan kan, ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ọdún tó bá sọ kì í ṣe ẹ̀rí, torí ọ̀pọ̀ wọn ń ka ìlà "First published" bí ọdún tí wọ́n tẹ ẹ̀dà náà. Àpẹẹrẹ tó wọ́pọ̀ jù ni Things Fall Apart: 1958 ni ilé iṣẹ́ Heinemann kọ́kọ́ gbé e jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ẹ̀dà ẹlẹ́yìn páálí líle. Ẹ̀dà ẹlẹ́yìn rírọ̀ ti African Writers Series kò tíì sí nígbà náà, 1962 ni ọ̀wọ́ yẹn bẹ̀rẹ̀, ìwé yìí sì ni nọ́ńbà 1 rẹ̀. Síbẹ̀, 1958 máa ń hàn nínú ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ ní 1980, òǹtàwé á sì fi tọkàntọkàn kọ "1958" sábẹ́ fọ́tò. Irọ́ kọ́ ló ń pa, ìlà tó kọ́kọ́ rí ló kà. Ẹ ka àwọn ìlà tó wà lábẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ "Reprinted" sí. Ọdún tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ni ọdún ẹ̀dà náà.

Bí fọ́tò ẹ̀yìn ojú ewé àkọlé kò bá sí, tàbí tí ojú ewé náà ti ya dànù, ẹ wo nǹkan mìíràn.

Ẹ wo owó tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn lára. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 ni náírà rọ́pò pọ́n-ùn àti ṣílè ní Nàìjíríà. Ìwé tí wọ́n tẹ "3/6" sí, ìyẹn ṣílè mẹ́ta àti sísì, kò lè jẹ́ ti ẹ̀yìn ìgbà yẹn bó bá jẹ́ ilé yìí ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ti Ìlú Ọba tún ṣáájú díẹ̀, wọ́n pa ṣílè tì ní oṣù kejì 1971. Ẹ ṣọ́ra fún owó tí ṣọ́ọ̀bù fi pẹ́ńsù kọ tàbí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ mọ́ ìwé ni mò ń sọ.

Ẹ wo ISBN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé. Ìwé tó bá ní in kò lè ṣáájú ìparí àwọn ọdún 1960. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà 10, ó sábà máa ń ṣáájú 2007. Bó bá jẹ́ 13, ó sábà máa ń jẹ́ láti 2007 síwájú. Àwọn kan ń ṣìnà níbí: 978 ni nọ́ńbà tí wọ́n fún Nàìjíríà nínú ISBN, 978 sì ni nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ tí gbogbo ayé ń lò fún ISBN oní-13. Nítorí náà ìwé Nàìjíríà tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978-978, àtijọ́ sì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978 kan ṣoṣo kó tó pé nọ́ńbà 10. Ẹ ka gbogbo nọ́ńbà náà, ẹ má wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan.

Ẹ wo àkọtọ́. Bí ìwé Yorùbá bá kọ "aiye", "enia", "ọkọnrin" àti "nwọn", àkọtọ́ àtijọ́ ni. Bó bá kọ "ayé", "ènìyàn", "ọkùnrin" àti "wọ́n", ó ti tẹ̀ lé àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974. Ẹ̀rí yìí lágbára lápá kan ju èkejì lọ: àkọtọ́ tuntun kò jẹ́ kí ìwé jẹ́ ti 1938, ṣùgbọ́n àkọtọ́ àtijọ́ kò sọ pé ìwé ti pẹ́, torí àwọn òǹtẹ̀wé a máa tún ìwé tẹ̀ láìfọwọ́ kan lẹ́tà kankan nínú rẹ̀.

Ẹ wo àdírẹ́sì òǹtẹ̀wé àti òǹtẹ̀ ilé ìwé. "Western Region" ṣáájú oṣù karùn-ún 1967. "Ogun State" kò sí kí oṣù kejì 1976 tó dé. "University College, Ibadan" di University of Ibadan ní 1962. "University of Ife" gba orúkọ Awólọ́wọ̀ ní 1987. Òǹtẹ̀ ilé ìkàwé sọ ìgbà tí ìwé wà níbẹ̀, kò sọ ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ìwé kò lè dé ilé ìkàwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Bí òǹtẹ̀ ilé ìwé bá wà tí òǹtẹ̀ ìyọkúrò kò sì sí, ẹ béèrè bí ìwé ṣe kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ẹ tún fi orúkọ òǹtẹ̀wé yẹ ọdún wò. Ìwé àkọ́kọ́ Fágúnwà jáde ní 1938 láti ilé ìtẹ̀wé CMS. Ti Thomas Nelson dé ní 1950. Ẹni tó bá ní "1938" lẹ́nu tí Nelson sì wà lára ìwé ọwọ́ rẹ̀, ẹ ti mọ ìyókù.

Ní ti ìdúnàádúrà, ẹ ní àǹfààní tí ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní: ẹ lè wọ takisí lọ wò ó. Ẹ pàdé níbi tí èrò wà, bí iwájú báńkì ní Pánsẹ́kẹ́. Bí ilé náà bá wà ní Èkó, ọkọ̀ ojú irin wà láti ibùdó Láderin, tó ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká. Ibùdó tó yẹ akójọ ìwé nìyẹn. Ẹ má ra pẹpẹ kan lódindi láti inú fọ́tò. Ikán máa ń jẹ ìwé láti ìhà ògiri wá, eegun ẹ̀yìn tó kọjú síta á ṣì dúró ṣinṣin nígbà tí inú ti di eruku.

AbeBooks, Biblio, eBay

Ọjà ni wọ́n, wọn kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù. AbeBooks, tó wà lábẹ́ Amazon láti 2008, àti Biblio kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ òǹtàwé jọ sójú kan. eBay tún gba ẹnikẹ́ni tó bá ní ìwé kan ṣoṣo. Nítorí náà "mo rà á lórí AbeBooks" kò sọ nǹkan kan. Ẹ sọ orúkọ òǹtàwé inú rẹ̀.

Èdè wọn ló ń tan àlejò jẹ. "Fine" ni ó dára pátápátá, "Very Good" ni ó ti kúrò lọ́wọ́ ẹni kan ṣùgbọ́n kò ní àléébù ńlá. "Good" wá ń kọ́? Kì í ṣe "ó dára". Ó túmọ̀ sí pé ojú ewé rẹ̀ pé, ó sì ti rí ìyà. "Fair" àti "Poor" wà fún ẹni tó kàn fẹ́ ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí "VG/G", ipò ìwé ni ti àkọ́kọ́, ti aṣọ ìwé ni ìkejì. "Price-clipped" ni pé wọ́n ti gé igun tí owó wà kúrò lára aṣọ yẹn. "Foxing" ni àmì pupa tótòtó lára bébà. "Ex-library" ẹ ti mọ̀. "Book club" ni ẹ̀dà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n tẹ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ ìkàwé, ó lè jọ àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ gan-an ṣùgbọ́n owó kì í sábà wà ní etí aṣọ rẹ̀.

Láàárín òǹtàwé méjì tí owó wọn sún mọ́ra, ẹ mú ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lè bá ẹ̀dà mìíràn mu: "orúkọ oníwèé àtijọ́ wà ní ojú ewé kìíní, igun ìsàlẹ̀ ọ̀tún ti tẹ̀, ojú ewé 112 ya díẹ̀". Ó ti mú ìwé náà dání. Ẹni tó kọ "may contain markings, may not include dust jacket" kò tíì rí i. Àwọn kan nínú wọn kò tilẹ̀ ní in, ìwé tó wà lórí tẹ́bù ẹlòmíràn ni wọ́n fi owó lé lórí, bí ẹ bá sanwó ni wọ́n á lọ rà á. Fún kíkà, kò burú. Fún kíkójọ, ẹ sá fún un, pàápàá níbi tí fọ́tò bá jẹ́ ti ẹ̀yìn ìwé tuntun nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹ̀dà 1954.

Ìwé tí òǹtẹ̀wé ìsinsìnyí tẹ̀ máa ń ní ìlà nọ́ńbà ní ẹ̀yìn ojú ewé àkọlé, bíi 10 9 8 7 6 5 4 3 2 1. Nọ́ńbà tó kéré jù níbẹ̀ ni ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Bí 1 bá ti lọ, tí 4 ló kéré jù, ẹ̀dà ìgbà kẹrin ni, kódà bí wọ́n bá kọ "First Edition" sókè rẹ̀.

Owó ìfiránṣẹ́ ló wá kù. Ọ̀pọ̀ òǹtàwé òkè òkun kì í fi ẹrù ránṣẹ́ sí Nàìjíríà, nítorí náà àwọn èèyàn ń lo àdírẹ́sì akẹ́rù ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà, ìyẹn àwọn tó ń gba ẹrù níbẹ̀ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sílé, tí wọ́n ń gba owó kílò-kílò. Ìwé ẹlẹ́yìn rírọ̀ sábà máa ń wọn gíráàmù 200 sí 350. Ẹlẹ́yìn páálí olójú ewé 300 lè tó 500 sí 800. Bí akẹ́rù bá ní owó kílò kan ló kéré jù tí òun ń gbà, tí ẹ sì fi ìwé oní-gíráàmù 250 kan ránṣẹ́, ẹ sanwó afẹ́fẹ́ ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Irú mẹ́ta rẹ̀ pẹ̀lú páálí yóò sún mọ́ gíráàmù 900, ibẹ̀ ni ìṣirò ti ń wọlé. Ẹ bi akẹ́rù bóyá ó máa ń kó páálí púpọ̀ jọ sínú ẹyọ kan, àti bóyá ìwọ̀n ara tàbí ìtóbi páálí ló ń fi gbowó.

Àlàfo tó wà nínú ààbò wọn nìyí. AbeBooks àti eBay méjèèjì ní ìlànà ọjọ́ 30 fún ìwé tí kò bá ohun tí wọ́n kọ mu. Ṣùgbọ́n ààbò eBay kì í tẹ̀ lé ẹrù tí wọ́n bá ti tún gbé láti àdírẹ́sì àkọ́kọ́ lọ síbòmíràn, ohun tí akẹ́rù sì ń ṣe gan-an nìyẹn. Ọjọ́ 30 náà lè tán sí ilé ìkẹ́rù kí ìwé tó rí òkun. Ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo ni akẹ́rù tó gbà láti ṣí páálí níbẹ̀, kó ya iwájú, eegun ẹ̀yìn àti ẹ̀yìn ojú ewé àkọlé, kó fi ránṣẹ́ sí yín lọ́jọ́ tó wọlé. Ẹ san owó díẹ̀ lé e fún un. Káàdì náírà pẹ̀lú ní ààlà owó dọ́là tó máa ń yí, ẹ bi báńkì yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Oníṣòwò ìwé àtijọ́

Àwọn tó mọ iṣẹ́ jù máa ń jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́: ABA ní Ìlú Ọba, ABAA ní Amẹ́ríkà, tí méjèèjì wà lábẹ́ ILAB, àpapọ̀ ẹgbẹ́ oníṣòwò ìwé àtijọ́ lágbàáyé. Owó wọn ga, ó sì yẹ kó ga, torí ẹ̀rí ni wọ́n ń tà pọ̀ mọ́ ìwé. Ìwé Tutuola tí wọ́n bá pè ní ti òǹtẹ̀wé Faber, 1952, wọ́n ti yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ti Grove Press, tó jáde ní New York ní 1953. Ìwé tí wọ́n bá pè ní Aké ti Ṣóyínká, àtẹ̀jáde àkọ́kọ́, ti òǹtẹ̀wé Rex Collings, 1981, ló gbọ́dọ̀ jẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ wá nínú àpèjúwe wọn ni "facsimile jacket". Aṣọ ìwé gan-an ló ń gbé ọ̀pọ̀ owó ìwé ọ̀rúndún ogún, nítorí náà àwọn kan ń tẹ aṣọ tuntun tó jọ ti àtijọ́. Oníṣòwò gidi á sọ ọ́. Lórí eBay, ẹ̀yin lẹ máa béèrè. Ìbuwọ́lùwé náà rí bẹ́ẹ̀: "signed" ni pé òǹkọ̀wé fọwọ́ sí i, "inscribed" ni pé ó tún kọ ọ̀rọ̀ sí ẹnì kan, bébà tí wọ́n fọwọ́ sí tí wọ́n wá lẹ̀ mọ́ ìwé sì rẹlẹ̀ ju méjèèjì lọ. Bí ẹnikẹ́ni ní Nàìjíríà bá ń ta ìwé tí Ṣóyínká fọwọ́ sí fún yín, ẹ béèrè ibi àti ọjọ́ tó ti fọwọ́ sí i, kí ẹ sì fi wé ìbuwọ́lùwé tí oníṣòwò ẹlẹ́gbẹ́ ti gbé síta.

Ìmọ̀ràn tiwa ni pé, bí ẹ̀dà kan bá ṣọ̀wọ́n tí owó rẹ̀ sì ju owó oṣù yín lọ, kò síbòmíràn tó yẹ kí ẹ ti rà á.

Àtúntẹ̀, àti ọ̀fẹ́

Ìwé The History of the Yorubas ti Samuel Johnson jáde ní 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lórí rẹ̀ ti parí, ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ ní kọ̀ọ̀kan bí oníbàárà bá ṣe sanwó. Ó dára fún kíkà bó bá jẹ́ fọ́tò ojú ewé àtijọ́ ni wọ́n tẹ̀. Bó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ka fọ́tò náà di lẹ́tà, ẹ fi í sílẹ̀: àmì abẹ́ lẹ́tà àti àmì ohùn ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, ọ̀rọ̀ Yorùbá inú rẹ̀ á wá di wótowòto. Ẹ béèrè fọ́tò ojú ewé kan tí orúkọ ìlú pọ̀ sí, ẹ ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀dà ìwé yìí wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Internet Archive, ilé ìkàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà kò yẹ kí owó àtúntẹ̀ rẹ̀ dé ìdajì ti ẹ̀dà àtijọ́.

Ti Fágúnwà kò rí bẹ́ẹ̀. Ó kú ní 1963, òfin Nàìjíríà sì dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú, ìyẹn di òpin 2033. Àtúntẹ̀ tí kò ní orúkọ òǹtẹ̀wé tó gbàṣẹ jẹ́ jíjí.

Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní Abẹ́òkúta níbí ní 1859 náà máa ń mú ọkàn ará ìlú fà. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé "ojúlówó" rẹ̀ wá lórí WhatsApp, tó wà lórí bébà A4 funfun báláú, ẹ mọ ohun tó jẹ́.

Nígbà tí páálí bá dé

Ẹ ya fídíò bí ẹ ṣe ń ṣí i láti ìgbà tí téèpù ṣì wà lójú rẹ̀. Òun lẹ̀rí tí òǹtàwé kò lè jà níyàn. Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀. Òórùn ilẹ̀ tútù ni pé bíbu ti wà nínú rẹ̀, ó sì ń ràn láti ìwé kan sí èkejì níbi tí afẹ́fẹ́ bá tutù. Láti oṣù kẹrin sí ìkẹwàá, ilé wa sábà máa ń tutù tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má sá ìwé sóòrùn: oòrùn ń mú bébà pọ́n, ó sì ń ká ẹ̀yìn páálí. Ẹ ṣí i díẹ̀, ẹ gbé e dúró níbòji níbi tí fáànù ti ń fẹ́, kó gbẹ, kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a níta gbangba.

Ẹ má fín oògùn apakòkòrò sí i, epo rẹ̀ á di àbàwọ́n tí kò ní lọ. Ẹ má sì fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ya, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á di pupa á sì jẹ bébà. Àwọn ilé ìkàwé máa ń fi ìwé sínú fìrísà fún bí ọ̀sẹ̀ méjì kí kòkòrò lè kú, ṣùgbọ́n iná tó ń lọ tó ń bọ̀ kì í jẹ́ kí ti ilé ṣiṣẹ́: bí yìnyín bá ń yọ́, ẹyin kòkòrò lè yè, omi sì lè wọ ìwé. Ohun tó ṣeé ṣe ní Abẹ́òkúta ni kí ẹ fi ìwé tuntun kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tó mọ́ lójú, kí ẹ dì í, kí ẹ tẹ́ bébà funfun sábẹ́ ìwé nínú rẹ̀, kí ẹ gbé e jìnnà sí pẹpẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ máa wo bébà náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí ìyẹ̀fun wínniwìnni tí kòkòrò ń jẹ jáde bá ṣì wà lórí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ pààrọ̀ bébà, kí ẹ tún ọ̀rá náà dì.